Rìjì kì í hù: ohun tí rímà ń gé gan-an nínú sílíńdà

Bí wọ́n bá tú hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, tí èèyàn ti ìka bọ inú sílíńdà, ìyẹn ihò róbótó inú ẹ́ńjìnnì náà, tó fi èékánná wọ́ ògiri rẹ̀ bọ̀ wá sókè, èékánná náà yóò kọ́ nǹkan kan nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yọ sí ẹnu. Ìlà kan ni, ó yí ẹnu sílíńdà po bí òrùka. Rìjì ni wọ́n ń pè é. Rímà ni irinṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé e kúrò kí wọ́n tó yọ písítìnì, irin tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà.

Bí wọ́n ṣe ń da omi àti ọ́ìlì nù, bí wọ́n ṣe ń tú bóòtù hẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ti dé ìdí rìjì ti kọjá ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú, torí pé ó ń bí ni nínú: àwọn tó ń sọ pé rìjì "hù" sí ẹnu sílíńdà. Àwọn kan ní èédú ló dì síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ríìngì, òrùka irin tó lanu níbì kan tó yí písítìnì ká, ló ń ti irin gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé èédú máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ha èédú kúrò tán, rìjì á ṣì wà níbẹ̀. Ríìngì òkè kì í wà ní góńgó orí písítìnì. Ó fi mìlímítà mélòó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kì í dé ẹnu sílíńdà láéláé. Ibi tí kò dé yẹn ni rìjì. Ògiri sílíńdà ni, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìyókù ló ti jẹ lọ.

Ẹni tó bá mọ ọlọ ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ ọlọ a máa lọ, a máa bọ̀ lórí ìyá ọlọ. Ibi tó ń dé á máa jẹ wọlẹ̀, etí tí kò dé á sì wà bó ṣe wà. Bó bá pẹ́, ikùn ọlọ á ti di kòtò, etí á yọ sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ pé etí ọlọ ń dàgbà. Ríìngì ni ọmọ ọlọ, ògiri sílíńdà ni ìyá. Ohun tó tún dùn nínú àfiwé yìí ni pé bí ọmọ ọlọ àtijọ́ bá sọnù, tí wọ́n gbé tuntun wá, tuntun kì í tètè bá ìyá náà mu. Àtijọ́ ti bá ìyá rẹ̀ jẹ pọ̀, igun rẹ̀ ti yí róbótó. Tuntun ṣì ní igun, á sì máa kọ lu etí. Kódà nígbà tí ojú ọlọ bá ti dán jù, tí kò mú mọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n á tún fi irin ṣá a wẹ́wẹ́ kó lè padà mú? Họ́ònì tí wọ́n ń fi ha ògiri sílíńdà kí wọ́n tó fi ríìngì tuntun sí i, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àyàfi pé ìlà tirẹ̀ máa ń kọjá lórí ara wọn kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí.

Orí igun yẹn ni ewu rìjì wà. Bí wọ́n bá fi ríìngì tuntun sí sílíńdà tí wọn ò gé rìjì rẹ̀, igun òkè ríìngì náà á máa gbá rìjì ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá gòkè. Bí béárìn kọ́nródù, ọ̀pá tó so mọ́ písítìnì lábẹ́, bá tún jẹ́ tuntun, ìwọ̀nba gbẹ̀fẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á dí, èyí sì lè mú kí písítìnì máa dúró síbi tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́. Ríìngì òkè lè ṣẹ́, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà láàárín kòtò ríìngì kìíní àti ìkejì náà sì lè sán. Ewu kan tún wà ṣáájú ìyẹn: ẹni tó bá fi igi lu písítìnì jáde láti ìsàlẹ̀ láì gé rìjì, ríìngì á kọ́ sábẹ́ rẹ̀, písítìnì tó ṣì dára á fọ́ sí i lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ibi tí ògiri ti jẹ jù ló gba àròjinlẹ̀. Èèyàn lè rò pé àárín sílíńdà ló yẹ kó jẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni písítìnì ti ń sáré jù. Òdìkejì rẹ̀ ni. Abẹ́ rìjì gan-an ló jẹ jù, bó sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni jíjẹ ń dínkù. Eré ló ń dáàbò bo irin. Bí ríìngì bá ń sáré, orí ọ́ìlì ló ń gùn, irin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ṣùgbọ́n bí písítìnì bá dé òkè, ó gbọ́dọ̀ dúró wìn-ìn kó tó yí padà, ọ́ìlì ò sì ní ohun tó máa gbé e dúró láàárín wọn mọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni iná ń jó lórí písítìnì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á wọ kòtò ríìngì, á bọ́ sẹ́yìn ríìngì òkè, á sì tì í mọ́ ògiri. Ọgbọ́n ńlá ni: bí agbára iná bá ṣe pọ̀ tó ni ríìngì ń dì tó, kí afẹ́fẹ́ má baà jò kọjá lọ sísàlẹ̀. Ọgbọ́n yẹn kan náà ló ń jẹ ògiri. Nínú ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ríìngì òkè ń dúró síbẹ̀ nígbà 3,000. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jẹ́ irú èyí tí písítìnì ti ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó tún jó, 1,500 nínú wọn ló jẹ́ pé iná wà lórí rẹ̀. Ẹ fi eruku tó bá ti fíltà afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ wọlé kún un, àti epo tútù tó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Jíjẹ náà kì í sì í dọ́gba yí ká. Kọ́nródù máa ń dagun nígbà tí iná bá ń ti písítìnì wálẹ̀, ó ń ti písítìnì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Sílíńdà tó ti ṣe róbótó rí á wá gùn bí ẹyin díẹ̀, rìjì á sì nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju òmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí rímà fi yẹ ní yíyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ju ẹsẹ̀ mélòó kan tó ń là, abẹ kékeré kan tó le, àti orí tí sípánà ń wọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fa písítìnì sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ lé e lórí, wọ́n á fi ọ́ìlì pa ògiri. Wọ́n á ti rímà bọ inú sílíńdà, wọ́n á yí i títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dì mọ́ ògiri, kó lè dúró ṣinṣin láàárín. Wọ́n á wá sún abẹ jáde kó fara kan ìsàlẹ̀ rìjì. Bí wọ́n bá ti ń fi sípánà yí i, skúrù inú rẹ̀ ń gbé abẹ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń bó rìjì láti ìsàlẹ̀ lọ sí ẹnu.

Kí ló dé tó fi jẹ́ láti ìsàlẹ̀? Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ìwọ̀n wà. Nínú ọ̀pọ̀ rímà, irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ tó ń fara ti ògiri tó ti jẹ, òun ni kì í jẹ́ kí abẹ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Rímà kò ní nọ́ńbà lára, kò sí ohun tí èèyàn ń kà. Ògiri tó ti jẹ yẹn gan-an ló fi ń wọn ara rẹ̀, ibi tó bá sì gùn bí ẹyin, ó ń tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, kì í ṣe mọ́tò. Níbi tí rìjì bá nípọn, sípánà á wúwo; níbi tó bá fẹ́lẹ́, á fúyẹ́; bó bá sì fúyẹ́ yí ká, rìjì ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára sún abẹ jáde jù, rímà á máa gbọ̀n gìrìgìrì, á sì fi ìlà gẹ́gẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni kí abẹ wọ ibi tí ríìngì ń rìn. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe fi lélẹ̀ ni pé kò gbọ̀dọ̀ wọ ibẹ̀ ju 1/32 íǹṣì lọ, ìyẹn bíi mìlímítà 0.8. Bó bá kọjá ìyẹn, kòtò ti wà ní ọ̀nà ríìngì, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa dá irin padà. Ribọ́ọ̀ ló kù, ìyẹn kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà fẹ̀ sí i.

Ribọ́ọ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi rímà sá fún. Bí ògiri bá ti jẹ jù, gígé rìjì kò tún un ṣe. Etí ọlọ nìkan ni wọ́n gé, ikùn ọlọ ṣì jìn. Ríìngì tuntun á wá máa là bó bá gòkè, á máa pa dé bó bá sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ìdábùú sílíńdà bá fi yàtọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14. Bí òkè bá fi mìlímítà 0.1 fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹnu ríìngì á fi nǹkan bíi 0.31 là sí i lókè. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jó, èéfín búlúù á sì máa tẹ̀ lé ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí jíjẹ gbọ́dọ̀ mọ. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, lọ fún ribọ́ọ̀, kí wọ́n ra písítìnì tó fi 0.25 tàbí 0.50 mìlímítà tóbi jù.

Àwọn sílíńdà kan wà tí rímà kò gbọ̀dọ̀ kàn. Èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì líle pa ògiri rẹ̀ ni àkọ́kọ́, torí pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Èyí tó jẹ́ sílíìfù, ìyẹn ògiri sílíńdà tó dá dúró bí ọ̀pá oníhò tí wọ́n ń fà yọ, kí wọ́n kúkú fa á yọ, kí wọ́n ki tuntun bọ̀ ọ́.

Gbogbo èyí ló fi yẹ kí wọ́n mú gééjì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìdábùú, kí wọ́n tó mú rímà. Rìjì ni ẹlẹ́rìí tó mọ bí sílíńdà ṣe fẹ̀ tó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n wọn ìdábùú lórí rìjì, kí wọ́n wọn ọ́n lábẹ́ rẹ̀, ní gígùn búlọ́ọ̀kù àti ní ìbú rẹ̀, iye tí ògiri ti jẹ á hàn. Bí wọ́n bá gé e tán kí wọ́n tó rántí, ẹlẹ́rìí kan ṣì kù: ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ríìngì kì í sọ̀ kalẹ̀ dé. Kí wọ́n dojú búlọ́ọ̀kù dé, kí wọ́n ti gééjì bọ̀ ọ́ láti ibẹ̀. Nísàlẹ̀ náà, níbi tí ìrìn ríìngì parí sí, ló yẹ kí wọ́n ti wọn ẹnu ríìngì tuntun, torí pé ibẹ̀ ló há jù nínú gbogbo ọ̀nà tó máa rìn.