Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Ẹnjiníà

Bí wọ́n bá ní kí ẹnjiníà lọ kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń sá lọ kọ́ ni gírámà, bí a ṣe ń dúró níwájú èrò, àti bí ohùn ṣe ń já gaara. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin lè rán iṣẹ́ tó máa pa ènìyàn, akólòlò sì lè rán èyí tó pé pérépéré. Ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ ẹnjiníà lógún ni ohun tí ẹni tó gbọ́rọ̀ náà máa lọ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ewu ńlá ló wà nínú òwe náà. Ọ̀rọ̀ á di odindi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi tí ẹni tó gbọ́ ọ dá ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ní September 23, 1999, ọkọ̀ Mars Climate Orbiter tí NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ lọ sí òfuurufú, rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ṣègbé. Ẹgbẹ́ kan fi òṣùwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò bí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké ara rẹ̀ ṣe ń tì í tó. Ẹgbẹ́ kejì ka nọ́ńbà náà sí newton, òṣùwọ̀n agbára mìíràn. Agbára pọ́n-ùn kan tó newton 4.45. Nọ́ńbà dé, òṣùwọ̀n kò bá a dé, ọmọlúàbí tó gbà á sì fi tirẹ̀ kún un.

Ètò kan wà tí wọ́n fi ń dènà irú èyí nídìí iṣẹ́ ìkọ́lé onírin, ọgbọ́n rẹ̀ sì jinlẹ̀. Àwọn tó ń gé irin kì í fi àwòrán ẹnjiníà gé e. Wọ́n á ya tiwọn, níbi tí gbogbo ihò àti gbogbo nọ́ọ̀tì ti hàn, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà sí i, òun á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lu òǹtẹ̀. Bí awakọ̀ òfuurufú ṣe ń tún àṣẹ tí wọ́n fún un sọ padà kó tó yí ọkọ̀ ni: bó bá gbọ́ ọ sódì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀. Ẹni tó gbé ètò yìí kalẹ̀ kò gbà pé ọ̀rọ̀ yé ẹnikẹ́ni, àfi bó bá sọ ọ́ padà.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ yá ju ìṣirò lọ. Nínú òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, àwọn afárá tí èrò ń gbà kọjá lókè gbọ̀ngàn so rọ̀ láti òrùlé. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin kan náà ló gba inú afárá àjà kẹrin kọjá lọ gbé ti àjà kejì. Láti mú iṣẹ́ rọrùn, àwọn tó ń gé irin pín ọ̀pá náà sí méjì nínú àwòrán tiwọn: ọ̀kan láti òrùlé dé àjà kẹrin, èkejì láti ara afárá àjà kẹrin lọ sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi okùn ṣe é. Okùn kan so mọ́ igi, ènìyàn méjì dì í mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọwọ́ oníkálùkù ń gbé ara rẹ̀ nìkan. Wá gé okùn náà lábẹ́ ẹni òkè, so ìyókù mọ́ ìbàdí rẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ máa rọ̀ mọ́ ìyẹn. Igi kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń wò lókèèrè kò rí ìyàtọ̀, ènìyàn méjì náà ló ṣì ń rọ̀. Ọwọ́ ẹni òkè nìkan ló mọ̀, nítorí ó ń gbé ara rẹ̀, ó tún ń gbé ẹlòmíràn.

Ọwọ́ yẹn ni nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ bíìmù, irin ìdábùú tó gbé afárá àjà kẹrin. Àwòrán náà padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó ṣírò ìdè náà. Àwòrán àkọ́kọ́ gan-an kò kúkú tó ohun tí òfin ìkọ́lé ìlú náà béèrè; ẹrù tún wá di ìlọ́po méjì. Ní July 17, 1981, afárá méjèèjì já, ènìyàn 114 kú. Lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ń gé irin kò kò lórí ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lórí fóònù nípa pípín ọ̀pá náà.

“A fẹ́ pín ọ̀pá sí méjì” ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Odindi rẹ̀ nìyí: “Nọ́ọ̀tì àjà kẹrin máa ru ẹrù afárá méjèèjì bí a bá pín ọ̀pá.” Ẹnjiníà tó ń kọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi irú gbólóhùn kejì yìí kọ́ra títí yóò fi mọ́ ọn lára, kí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹrù ṣáájú ohun tó rọrùn fún òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n jọ sọ ọ́.

Kó sì yéé bi ènìyàn pé “ṣé ó yé yín?” Kò sẹ́ni tí kì í dáhùn pé ó yé òun. Kó tẹ́ àwòrán sílẹ̀, kó ní, “Ẹ bá mi fi ìka tọ ọ̀nà tí ẹrù yìí gbà dé òrùlé.” Ibi tí ìka bá ti dúró lójijì, ibẹ̀ ni kó ti mú bírò, kó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.