"Ra Dátà Sí I, Á Lọ": Ìgbàgbọ́ Tó Ń Ná Wa Lówó Lásán

"Ra dátà sí i, á lọ." Gbogbo ìgbà tí íméèlì bá kọ̀ tí kò lọ nílé wa ni mo máa ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mí gan-an, torí owó gidi làwọn èèyàn ń fi tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fẹ́ fi àwọn ìwé ẹ̀rí tó fi fóònù yà ránṣẹ́ síbi tó ti ń wáṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, íméèlì ṣì wà nínú Outbox, níbi táwọn íméèlì tí kò tíì lọ máa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n wa ní kó ra 10GB. Ó rà á. Íméèlì ò mira.

Ẹni tó rọ epo kún táǹkì mọ́tò kò tíì fọwọ́ kan sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà. GB ni epo yẹn. Èyí kò nira láti gbà. Èyí táwọn ará ilé ò gbà rárá ni ọ̀rọ̀ mi tó kàn, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lẹ́jọ́. Wọ́n ní: "YouTube ṣáà ń ṣiṣẹ́ geere, báwo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe máa lẹ́jọ́?"

Fídíò ń wọlé ni, íméèlì ń jáde. Ọ̀nà méjì ni, wọn kì í sì í dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá ṣe speed test, ìyẹn àyẹ̀wò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó, nọ́ńbà méjì pàtàkì ló máa ń gbé jáde, ti ohun tó ń wọlé àti ti ohun tó ń jáde, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo èèyàn ń kà. Tiwa lọ́jọ́ yẹn, 14 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló ń wọlé, 0.6 péré ló ń jáde. Ẹ ronú nípa ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun nínú gbohùngbohùn mọ́sálásí. Ẹ ó gbọ́ ọ ketekete látorí ibùsùn yín, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dáhùn látibẹ̀, ta ló máa gbọ́? Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 4G sábà máa ń lo bí 20 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fọhùn sí wa. Fóònù àti ráútà ilé ò ju nǹkan bí 0.2 wáàtì lọ láti dá a lóhùn, ògiri yàrá sì tún ń gbà lára ìyẹn.

Íméèlì fúnra rẹ̀ tún máa ń wúwo sí i lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣètò SMTP, ìlànà tó ń gbé íméèlì, lọ́dún 1982, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ló mọ̀ ọ́n gbé; kódà ẹ àti ọ tiwa kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Títí dòní, fọ́tò tẹ́ ẹ bá so mọ́ íméèlì sábà máa ń di lẹ́tà kó tó jáde: báìtì mẹ́ta á di mẹ́rin. Ìwé ẹ̀rí àbúrò mi tó jẹ́ 18MB di 24MB. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan; ẹ sọ ọ́ di bíìtì, ó di mílíọ̀nù 192. Lórí 0.6 Mbps, ó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, bí kò bá sí ẹlòmíì lójú ọ̀nà.

Ẹlòmíì wà níbẹ̀. Fóònù màmá wa ń kó fọ́tò ìgbéyàwó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A dá a dúró, a gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sójú fèrèsé, nọ́ńbà kejì gòkè sí 3. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, íméèlì lọ.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí níbi gbogbo. Láti dán an wò, ẹ fi íméèlì onílà kan ṣoṣo ránṣẹ́, kẹ́ ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò inú áàpù yín ló lẹ́jọ́: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ti port 25 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí íméèlì ń gbà jáde) mọ́ àwọn ilé, 587 tàbí 465 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹrù yín bá sì ju 25MB lọ, Gmail ò ní gbé e bẹ́ẹ̀. Líǹkì ló máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní password yín torí ó ní òun fẹ́ bá yín "tún íméèlì ṣe." Kò sí ọ̀kankan nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí tó nílò kí ẹlòmíì mọ̀ ọ́n.