Fláfónọ́ìdì: Báwo ni ohun tí kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe ara lóore?

Ìbéèrè: Kí ni fláfónọ́ìdì?

Ìdáhùn: Ó jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún èròjà tó lé ní 6,000 tí àwọn ewéko ń ṣe láti fi dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ oòrùn àti kòkòrò, tàbí láti fi kun òdòdó àti èso wọn ní àwọ̀. Wọ́n wà nínú tíì, àlùbọ́sà, ápù, ọsàn, kòkó àti ẹ̀wà sóyà. Ní 1936, Albert Szent-Györgyi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Hungary, pe díẹ̀ lára wọn ní fítámì P, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dúró, nítorí pé kò sí àìsàn kan pàtó tó ń ṣe ẹni tí kò bá rí wọn jẹ.

Ìbéèrè: Kí ló mú wọn wọ ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn?

Ìdáhùn: Ní 1993, àwọn olùwádìí ní ìlú Zutphen, ní ilẹ̀ Netherlands, gbé àbájáde jáde lórí àwọn ọkùnrin 805 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 65 sí 84. Láàárín ọdún márùn-ún, àrùn ọkàn kò pa àwọn tó ń jẹ fláfónọ́ìdì jù tó bó ṣe pa àwọn tó ń jẹ ẹ́ níwọ̀nba, tíì ni ó sì pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀?

Ìdáhùn: Àlàyé yìí ti tàn kálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìgò àyẹ̀wò, fláfónọ́ìdì máa ń dá àwọn èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ dúró, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú èyí tí a bá jẹ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ a yí i padà, a sì tètè bá ìtọ̀ jáde. Ohun tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn jù ni pé fláfónọ́ìdì kòkó àti ti tíì ń ran awọ inú òpójẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe náítíríìkì ọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí òpójẹ̀ dẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀. Èyí tí a sì rò pé ó ṣòfò, tí ara kò gbà, ìfun ńlá ló ń lọ: àwọn bakitéríà ibẹ̀ a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà a sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wuni jù.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa lo fláfónọ́ìdì tí wọ́n ṣe sínú oògùn oníhóró?

Ìdáhùn: Mi ò gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí COSMOS ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, àwọn àgbàlagbà tó lé ní 21,000 kópa. A fún apá kan ní fláfónọ́ìdì kòkó mílígíráàmù 500 lójúmọ́. Ikú tí àrùn ọkàn àti òpójẹ̀ ń fà dínkù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn, tí ìwádìí náà dá lé gan-an, kò dínkù tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Ní ti jẹjẹrẹ, ẹ̀rí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sì kìlọ̀ ní 2018 pé oníhóró tí wọ́n fi tíì aláwọ̀ ewé (green tea) ṣe, tó bá ní EGCG, ọ̀kan lára fláfónọ́ìdì inú tíì náà, tó mílígíráàmù 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ lè pa ẹ̀dọ̀ lára.

Inú oúnjẹ ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má ṣe bó àlùbọ́sà jìnnà, nítorí pé ìpele ìta ló ní in jù. Ẹ jẹ ápù pẹ̀lú èèpo. Ẹ má sì da omi tí ẹ fi se ẹ̀fọ́ nù, torí pé ó máa ń yọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí dá a dúró, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá sì tó, kí ó máa mu tíì láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, nítorí pé tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú oúnjẹ dáadáa.