Kì í ṣe gbogbo yógọ́ọ̀tì tó ń fà ló ti bàjẹ́

Ní Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba títí dé ẹnu ọ̀nà FUTA, bí ẹni tó ra yógọ́ọ̀tì àfọwọ́ṣe bá fi ṣíbí bù ú, tó rí i pé ó ń fà bí ilá, kò ní pẹ́ dájọ́: “Ó ti bàjẹ́,” tàbí “Wọ́n ti po sítáàṣì mọ́ ọn.” Òótọ́ ni pé àwọn kan ń po ó, nígbà tí mílíìkì ti di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n fífà nìkan kò tó ẹ̀rí.

Bakitéríà ló ń mú mílíìkì di yógọ́ọ̀tì: Streptococcus thermophilus àti Lactobacillus bulgaricus. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, ìyẹn ló ń mú un kan. Àwọn ẹ̀yà kan nínú wọn tún ń so ẹyọ ṣúgà kọ́ ara wọn títí yóò fi gùn gbọọrọ, wọ́n á sì tú u sínú mílíìkì. Ohun gígùn yìí, polysaccharide, ló ń di omi mú, tí yógọ́ọ̀tì fi ń ki, tó sì ń fà, láìsí sítáàṣì kankan. Ní Finland, wọ́n ní mílíìkì kíkan kan tó ń jẹ́ viili. Fífà rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀yin tó ń mu ẹmu náà ń gbé irú ohun gígùn yìí mì. Leuconostoc, bakitéríà kan nínú ẹmu, ń fi ṣúgà ṣe irú rẹ̀ kan, dextran. Láàárín nǹkan bí 1940 sí 1950 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fa dextran tí wọ́n ti yọ́ mọ́ sí iṣan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ni ẹmu ń gbà wọlé o.)

Lára irú ohun gígùn bẹ́ẹ̀ wà tí kì í dà nínú ikùn wa; àwọn bakitéríà inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń ṣe ásíìdì tó ń bọ́ ara ìfun. Ní ti ohun tí àwọn kan ń sọ, pé ó ń wo jẹjẹrẹ sàn, inú ìgò yàrá ìwádìí àti ara eku ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn polówó ọjà fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Bí sítáàṣì bá ń kọ yín lóminú, ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ kán áyódíìnì tí wọ́n ń fi sí ojú ọgbẹ́ sí i. Bó bá di àwọ̀ aró tó dúdú, sítáàṣì wà níbẹ̀. Ẹ da èyí tí ẹ dán wò nù.

Búrẹ́dì tó ń fà ńkọ́? Ìyẹn ti bàjẹ́: Bacillus, bakitéríà tó ń gbé inú erùpẹ̀, ló wà nídìí rẹ̀. Yógọ́ọ̀tì tó bu, tó ń rùn, tàbí tí ike rẹ̀ wú náà ti bàjẹ́.