Ẹrù Ìbìní ní Lọ́ńdọ̀nù: kí ló dá a dúró lọ́nà?

Báwo ni ẹrù yìí, àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin láti ààfin Ọba Ìbìní, ṣe dé òkè òkun ná?

Ogun ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, wọ́n pa James Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a rìn lọ́nà Ìbìní. Nígbà tó di oṣù Kejì, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ̀lú, wọ́n kó ààfin tán pátápátá. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ni Kábíyèsí sì wàjà sí ní 1914.

Kí ló dé tí British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ò dá a padà?

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1963 ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kúrò lọ́wọ́ wọn, àfi fún ìdí díẹ̀, bíi kó bàjẹ́ tàbí kí wọ́n ní irú rẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń ṣòfin. Òfin Faransé náà le bẹ́ẹ̀. Ní ìparí 2020 ni wọ́n ṣe tuntun, nígbà tó fi di 2021, nǹkan 26 láti ààfin Abomey ti padà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (kì í ṣe Ìbìní tiwa o). Èyí tó tilẹ̀ ń bí mi nínú ni pé láwọn ọdún 1950, British Museum yìí kan náà ta díẹ̀ lára idẹ Ìbìní fún Nàìjíríà. Wọ́n ta ẹrù fún ẹni tó ni ín!

Ṣé wọn ò lè yá wa ni?

Wọ́n yá Ghana ní wúrà Ashanti ní 2024, fún ọdún mẹ́ta. Ní ti FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí a ṣe ní Nàìjíríà, ère ojú Ìyá Ọba Idia la béèrè láti yá: eyín erin tí wọ́n gbẹ́ fínnífínní, tí orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n tò sókè rẹ̀ bí adé. Wọn ò yá wa.

Jámánì ńkọ́?

Ní 2022 wọ́n fọwọ́ sí i pé ohun tó lé ní 1,100 di ti Nàìjíríà. Nǹkan bí ogún ló kọ́kọ́ dé Àbújá. Ọ̀pọ̀ ṣì wà ní Berlin, ṣùgbọ́n àwa la yá wọn báyìí. Èyí dùn mọ́ mi.

Ta ló ni ín: ìjọba àbí Ọba?

Ní 2023, Ààrẹ Buhari kéde pé Ọba Ìbìní ló ni ín. Lẹ́yìn èyí, Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sún ètò ìdápadà tirẹ̀ síwájú. Lójú tèmi, ìyẹn ò kàn wọ́n. Netherlands kò dúró: ní oṣù Kẹfà 2025, nǹkan 119 láti ọwọ́ wọn gúnlẹ̀ sí Èkó.