Kí Ni Ẹ Sọ fún Ọlọ́jà Kí Ẹ Tó Sanwó?

Olóúnjẹ òde kan láti Ìkọ̀lé gbé ẹ̀rọ ìgúnyán wá sí ọ́fíìsì mi ní Adó-Èkìtì lọ́dún tó kọjá. Ó fi àlòkù ìró wé e bí ọmọ ìkókó, iyán tó ti gbẹ sì lẹ̀ mọ́ etí abọ́ rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Lọ́yà, ẹ bá mi pe ẹni tó ta nǹkan yìí fún mi lẹ́jọ́." Wọ́n gbé iyán ènìyàn 200 fún un níbi ìnáwó òkú àgbà kan, ó sì gbọ́kàn lé ẹ̀rọ tuntun tó rà, àmọ́ ní ìgbà keje tó da iṣu sí i, òórùn wáyà tó ń jó gba gbogbo ilé ìdáná, èéfín tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló fowó bẹ̀ láti wá fi odó gún ìyókù. (Ní tèmi, àwọn àlejò tó jẹ ti odó nìkan ló jẹ iyán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin.)

Mo béèrè ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀rọ náà. Ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já. Nígbà tí a já a, a kà á pé ìlò inú ilé ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún, pé kó má ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ lẹ́ẹ̀kan, àti pé kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15 kí a tó tún tàn án. Obìnrin yìí ti lò ó fún bíi wákàtí kan láìsinmi. Mo wá bi í léèrè ohun tó sọ fún ọlọ́jà lọ́jọ́ tó rà á. Ó ní òun kàn ní kí ó fún òun ní ẹ̀rọ ìgúnyán tó dára ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ẹjọ́ náà ti yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ojúṣe oníbàárà ń gbè sẹ́yìn ọlọ́jà. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé ojúṣe tí oníbàárà bá ṣe kí ó tó sanwó ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ lé bó bá dọ̀la. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ mú lò, tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde, títí kan Èkìtì, sì jogún, gbà pé kí olùrajà la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá jẹ́ kí ọlọ́jà mọ iṣẹ́ pàtó tí ẹ fẹ́ fi nǹkan ṣe, tó sì hàn pé ìmọ̀ rẹ̀ ni ẹ gbára lé, tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń tà, òfin yóò kà á sí i lọ́rùn pé ọjà náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, bí kò tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ẹni tó ti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí ọjà náà kò bá wúlò fún iṣẹ́ yẹn. Ní ti ọjà tó ní àbùkù, oṣù 3 ni òfin náà fún yín láti dá a padà. Àkọlé tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé àwọn kì í gba ọjà padà kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, tí wọ́n sọ àbùkù rẹ̀ fún yín, tí ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ti rà á pẹ̀lú àbùkù rẹ̀.

Ìpolówó ńkọ́? Ẹni tó ní iyán ẹ̀rọ òun dùn ju ti ìyá yín lọ ń pariwo ọjà lásán ni, kò sì sí adájọ́ tí yóò ránṣẹ́ pe ìyá yín kí ó wá tọ́ ọ wò. Ẹni tó kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ òun ń gún iṣu kílò 5 lẹ́ẹ̀kan ti sọ ohun tí òṣùwọ̀n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball kéde nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá lo oògùn ìfàsímú tí àwọn ń tà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí àìsàn influenza ṣì tún mú un, yóò gba pọ́ùn 100, àti pé àwọn ti fi pọ́ùn 1,000 sí báńkì láti fi hàn pé àwọn kò ṣàwàdà. Ìyáàfin Carlill lò ó, àìsàn mú un, ó pẹjọ́, ó sì borí ní 1892. Ìlérí ni wọ́n fi ẹjọ́ yìí kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ òfin. Lójú mi, ohun tó yẹ kí olùrajà mú níbẹ̀ ni pé obìnrin náà lò ó gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe ní kí a lò ó. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń lò ó, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Bí ọjà bá ṣe ènìyàn léṣe, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìjákulẹ̀. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá obìnrin kan láre, ẹni tí fíríìjì oníkẹrosíìnì tó rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan bú gbàmù tó sì jó o. Irú rẹ̀ kò yẹ kó sùn kó tó dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò.

A kò pe ẹjọ́ ẹ̀rọ ìgúnyán náà. Owó tí n bá gbà lọ́wọ́ olóúnjẹ mi ìbá ju iye tó ra ẹ̀rọ lọ. A jọ tọ ọlọ́jà lọ, ó fi káàdì gàráńtì hàn wá pé kò bo ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ṣòwò, ṣùgbọ́n ó gbà láti yí kọ́ìlì rẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, bí obìnrin náà bá ra wáyà.

Ní Oṣù Kejìlá, ó padà síbẹ̀ láti ra òmíràn nítorí ìgbéyàwó kan tí wọ́n gbé fún un. Ó ní kí ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú rìsíìtì, bí mo ṣe kọ́ ọ: "fún iyán òde, ènìyàn 200." Ọkùnrin náà mú bíírò, ó wo rìsíìtì, ó sì gbé bíírò sílẹ̀. "Ìyá, ẹ má tíì sanwó," ni ó wí. Ó dá èyí tó wà lórí káńtà padà sínú páálí, ó sì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ gbé ẹ̀rọ ńlá jáde.