DNS asẹ́ nínú ilé

DNS ni ètò íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ nọ́ńbà, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì, tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní. DNS asẹ́ ni iṣẹ́ DNS tó máa ń yẹ orúkọ ìkànnì wò kó tó sọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó béèrè. Orúkọ tó bá wà nínú àtòjọ àwọn tí a kò fẹ́, irú bí ti ìpolówó, ti jìbìtì tàbí ti ìwòkuwò, kò ní rí ìdáhùn gidi gbà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣètò rẹ̀ sílé: kí wọ́n fi nọ́ńbà DNS iléeṣẹ́ kan tó ń sẹ́ orúkọ sínú router (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé), tàbí kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan kalẹ̀ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé. Ní Èkó, iná mọ̀nàmọ́ná àti irú router tí ilé ń lò ló sábà máa ń pinnu èyí tó ṣeé ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Paul Mockapetris ló gbé DNS kalẹ̀ lọ́dún 1983. Ìlànà tí a ṣì ń tẹ̀ lé, ìyẹn àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 1034 àti RFC 1035, jáde lọ́dún 1987. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀, DNS ló sì ń bá a wá nọ́ńbà náà láti pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà ìsọfúnni) 53. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni ọ̀rọ̀ DNS asẹ́ rí: omi ògì á kọjá, èèrí á kù sórí asẹ́. Orúkọ tí asẹ́ bá dì mú, Pi-hole, ètò asẹ́ kan tí ènìyàn lè gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀, máa ń fi 0.0.0.0 dá a lóhùn, àdírẹ́ẹ̀sì tí kò já síbi kankan. Àwòrán ìpolówó náà kò ní wọlé rárá, nítorí náà kò ní jẹ dátà.

Àwọn tó wọ́pọ̀

Quad9, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, ń lo 9.9.9.9, ó sì ń dí ìkànnì aṣebi. Cloudflare ní 1.1.1.2 fún irú iṣẹ́ yẹn, àti 1.1.1.3 tó ń dí ìwòkuwò mọ́ ọn. Pi-hole àti AdGuard Home ni wọ́n mọ̀ jù nínú àwọn tí ènìyàn ń gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ìṣètò

Àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ẹ̀rọ tí Pi-hole wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sí ojú ìwé DHCP inú router, torí DHCP ló ń sọ fún gbogbo fóònù inú ilé ẹni tí wọn yóò máa bi léèrè. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń há, nítorí àwọn router 4G kan wà tí kò ní ibi tí a ti lè yí DNS padà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pa DHCP ti router, kí Pi-hole máa ṣe é. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, a jẹ́ pé router mìíràn ni wọn yóò so mọ́ ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi 8.8.8.8, DNS Google tí kì í sẹ́ ìpolówó, ṣe DNS kejì, kó lè dúró bí ìgbákejì. Fóònù kì í sábà wò ó bẹ́ẹ̀. Ó lè bi èyíkéyìí nínú méjèèjì nígbàkigbà, ìpolówó á sì máa yọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Router tó ń pín DNS tirẹ̀ lórí IPv6 (irú àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì tó tuntun) náà lè fa irú rẹ̀.

Iná mọ̀nàmọ́ná

Bí wọ́n bá mú iná, tí ínfátà gbé router ṣùgbọ́n tí kò gbé kọ̀ǹpútà asẹ́, Wi-Fi á kún fọ́fọ́ lójú fóònù, síbẹ̀ ìkànnì kankan kò ní ṣí. Àwọn ará ilé á ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa, bẹ́ẹ̀ sì ni dátà ń bẹ. Orísun iná kan náà ló yẹ kí méjèèjì máa lò. Mini-UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ, tó ní ihò fólìtì 12 fún router àti USB fólìtì 5 ń ṣe é fún Raspberry Pi kékeré, irú kọ̀ǹpútà kékeré tó lè ṣe iṣẹ́ asẹ́ náà.

Iná tó ń lọ lójijì tún lè ba mẹ́mọ́rì káàdì Raspberry Pi jẹ́. Ìṣòro aago kò hàn tó bẹ́ẹ̀: títí dé Raspberry Pi 4, kò sí aago tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ náà lè jí kó rò pé ọjọ́ tó sùn ló ṣì jẹ́. Bí wọ́n bá tan DNSSEC, tó ń fi òǹtẹ̀ yẹ ìdáhùn DNS wò bóyá òótọ́ ni, ó lè máa dá ìdáhùn tòótọ́ padà torí pé ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ rẹ̀ kò tíì pé lójú rẹ̀. Kó tó lè tún aago ṣe, ó ní láti wá orúkọ sẹ́fà aago (kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ àkókò), DNS náà ló sì tún máa bi. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà sẹ́fà aago dípò orúkọ rẹ̀ láti já okùn yìí. Laptop tòkunbọ̀ tó ṣì ní bátìrì, irú èyí tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà, kò ní ìṣòro méjèèjì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ iná ju Raspberry Pi lọ. Fún ilé tí iná kò ti dúró, ó jọ pé òun ló rọrùn jù.

Ààlà rẹ̀

DNS asẹ́ kì í sábà mú ìpolówó YouTube, torí orúkọ tí fídíò ń lò ni ìpolówó náà ń lò. Fóònù Android, láti ẹ̀dà 9, ní Private DNS, ibi tí fóònù ti lè yan DNS tirẹ̀, tó lè fo asẹ́ ilé kọjá. Ẹni tó bá pa Wi-Fi, tó sì ń lo dátà fóònù rẹ̀, ti kúrò lábẹ́ asẹ́. Àtòjọ tó bá le jù lè dí áàpù báńkì.

Pi-hole máa ń kọ orúkọ tí fóònù kọ̀ọ̀kan béèrè sílẹ̀. Nínú ọgbà tí ayálégbé púpọ̀ ti jọ ń lo router kan, ẹni tó ń bójú tó o lè rí ìkànnì tí aládùúgbò rẹ̀ ń lọ. Ètò náà ní ibi tí wọ́n ti lè pa àkọsílẹ̀ yìí.